Baba Òfin àti Igba Àbádòfin Ó Lé Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká ti orí bírò bẹ̀rẹ̀. Bírò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀yin àti èmi ń lò, tí a máa ń jẹ ìdérí rẹ̀ lẹ́nu tí ọ̀rọ̀ bá tán nínú wa. Wúrà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, okùn aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi so ó, ọrùn aṣòfin àgbà kan ló sì ń gbé. Tí aṣòfin náà bá ń wọlé, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, orí ikùn yẹn sì ni bírò náà máa ń sùn sí.

Ọkùnrin yìí ń pe ara rẹ̀ ní Baba Òfin. Kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í jẹ ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ò bá a jiyàn. Tó bá ń bọ̀, wọ́n á ní, "Baba Òfin, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà!" Tó bá ti kọjá tán, wọ́n á ní, "Fọwọ́sí ti lọ."

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Fọwọ́sí ni pé kò sí bébà tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní fọwọ́ sí. Ó fọwọ́ sí ìwé àwọn tó fẹ́ mu tíì tí kò ní ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ṣúgà mẹ́fà ló ń mu. Ó fọwọ́ sí káàdì tí wọ́n fẹ́ fi kí ẹnì kan tó ń ṣàìsàn, òun gan-an sì ni wọ́n fẹ́ fi káàdì náà kí. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọ̀dà ibẹ̀ ò tíì gbẹ. Orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá. Bí ẹlòmíì bá ti ṣáájú, á há tirẹ̀ sí àárín àkọlé àti orúkọ onítọ̀hún, á wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìwé. Òun ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo àbádòfin sí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú káńtà pákó kan àti àga kan tó ti mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ìlà kan, àbádòfin kan. Apá òsì ni orúkọ ẹni tó dá àbá náà máa ń wà. Apá ọ̀tún ni orúkọ àwọn tó gbè é lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i tẹ̀léra. Tàdáwà búlúù nìkan ló ń lò, kò sì pa nǹkan kan rẹ́ rí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwọn ará ìlú á tò síwájú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ìyá, àbádòfin orí afárá wa ńkọ́?" Ìyá Ìwé á fi itọ́ kan ìka, á ṣí ìwé, á fi ìka náà tọ ìlà lọ, á sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé àti ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bá jà. Ó fẹ́ràn ìwé náà. Kí n má parọ́ fún yín, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ lọ.

Àbá mẹ́ta péré ni Baba Òfin ní lápá òsì ìwé yẹn. Èyí àkọ́kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ẹ̀yìn sí aṣòfin. Èkejì ní kí àtẹ́wọ́ máa pẹ́ ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lọ. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n máa gbé àga aṣòfin sókè ní ìwọ̀n ìka kan fún gbogbo àbá tó bá dá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, ẹ wá wo nǹkan! Igba ó lé mẹ́fà ni àbá tó gbè lẹ́yìn, òun ló sì wà lókè nínú gbogbo wọn. Kò ka ọ̀kan ṣoṣo.

Ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfìgbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tán. Olórí Ilé kéde pé tó bá di ìparí sáà, aṣòfin tí àbá tirẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ìwé ńlá ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn náà, wọ́n á sì gbé ère rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tiẹ̀ ti gbé òkúta tí ère máa dúró lé síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Baba Òfin ò lè kọjá níwájú òkúta náà kó má gun orí ẹ̀. Á fa ikùn sínú, á na ọrùn, á na ìka kan sókè. Àwọn tó ń gbálẹ̀ á máa gbálẹ̀ yí i ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ariwo sọ ní ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Ìwé.

"Ẹ dìde! Ẹ dìde! Òkè ńlá tó ń rìn ti dé! Ẹni tí òfin ń rí tó ń gbọ̀n!"

Agbẹnusọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí nínú ayé ni pé kó ṣáájú Baba Òfin wọ ibi gbogbo, kó kéde rẹ̀, kó sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìwé wò yíká.

"Ta ló yẹ kó dìde, sà? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ẹ̀yin, àti àga yín pẹ̀lú!" ni Agbẹnusọ wí.

Baba Òfin wọlé lẹ́yìn ikùn rẹ̀. Ìyá Ìwé fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló máa ń pè é.

"Ìyá Ìwé, mélòó ni mo ní?"

"Mẹ́ta, sà."

Agbẹnusọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó jáwọ́.

"Aṣòfin Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Mọ́kànlélógójì, sà."

Aṣòfin Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sọ yìí ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí kó tó di aṣòfin, ẹkùn ìdìbò rẹ̀ sì pààlà pẹ̀lú ti Baba Òfin. Ohùn rẹ̀ kéré. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ àbá rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn tán, kì í sì í gbé bébà kiri kí wọ́n lè bá a fọwọ́ sí i.

"Mọ́kànlélógójì!" Baba Òfin di ògiri mú. "Èmi! Èmi tí orílẹ̀-èdè fẹ̀yìn tì! Èmi tí mo bá sùn, tí àlá mi máa ń ní abala kìíní àti abala kejì! Kí obìnrin tó ń wọn ìfúnpá wá fi àbá jù mí lọ! Ìyá Ìwé, mú bírò rẹ. Gbogbo èyí tí mo ní lápá ọ̀tún, kó wọn lọ sí apá òsì. Láti òní lọ, èmi ni mo dá gbogbo wọn."

Ìyá Ìwé gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí pé ẹni tó bá wà lápá òsì ló máa ń dìde lọ́jọ́ Àlàyé?"

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé ọjọ́ Àlàyé fún yín. Ní ìparí sáà, wọ́n á pe àkọlé àbá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lápá òsì á dìde, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á dáhùn ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ wo bébà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dìbò lójú ẹsẹ̀. Ti àwọn tó wà lápá ọ̀tún ò ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa mi orí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fi fẹ́ràn apá ọ̀tún bí ibùsùn wọn.

"Àlàyé kẹ̀?" Baba Òfin rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, ṣé o ti gbọ́ rí pé ọ̀rọ̀ wọ́n mi?"

"Rárá o, sà," ni Ìyá Ìwé wí, òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ.

"Tó bá di ọ̀la tí ìwé yìí ò bá tíì yí padà, ilé àga ni wàá ti jẹun ọ̀sán."

Ilé àga wà lẹ́yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo àga tó bá ti kán sí. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka àga. Kò sẹ́ni tó ń wá béèrè àga lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá rárá. Agbẹnusọ ni wọ́n sì máa fi sípò Ìyá Ìwé, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ó ti fìdí kan àga rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ìwé délé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ ilé wọn, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá wọn, kí ló dé?"

Ó rò fún un. Ó ní bí òun bá kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé yẹn, òun ò ní lè wojú rẹ̀ mọ́. Bí òun ò bá sì kọ ọ́, Agbẹnusọ ló máa gba ìwé náà, á sì fi pẹ́ńsù tó ṣeé pa rẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀. Ibi tó ti dárúkọ pẹ́ńsù ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀.

Télọ̀ ronú díẹ̀. "Oníbàárà mi kan wà tó ní kí n rán ọwọ́ aṣọ mọ́ ìbàdí. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí kò gbọ́, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ, kó fọwọ́ sí i. Mo sì rán an. Kò purọ́ mọ́ mi, èmi náà ò purọ́ mọ́ ọn."

"Ó wá wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́ jáde. Àwa náà jáde lọ wò ó."

Ìyá Ìwé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì fa oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kọ ìwé kan sílẹ̀ kí Baba Òfin tó dé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi ni mo ní kí wọ́n kó àwọn àbá wọ̀nyí sí apá òsì fún mi. Mo mọ̀ pé èmi nìkan ni màá ṣàlàyé wọn. Wọn ò ní í padà sí apá ọ̀tún mọ́." Ó ní, "Sà, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Kó tó pe "kà á" tán, Baba Òfin ti fọwọ́ sí i, ó sì ti fa ìlà rẹ̀ méjì.

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Àwọn tó dá àbá tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín."

"Lọ bẹ̀ wọ́n," ni Baba Òfin wí, "sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

Ìyá Ìwé ò tíì bẹ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ fi tàn ká. Kó tó di ọ̀sán, àwọn aṣòfin ti tò síwájú fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹnìkan ní, "Ìyá Ìwé, ẹ bá mi kó tèmi fún un o. Ọjọ́ tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn, mi ò tíì sùn." Ẹlòmíì ní òun ò rántí ohun tí òun kọ, kí Baba Òfin bá òun rántí rẹ̀. Ẹ̀kẹta béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àna òun kún un, kí Baba Òfin máa bá òun ṣàlàyé nílé náà.

Aṣòfin Nọ́ọ̀sì ló dé kẹ́yìn. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú àbá rẹ̀ ni Baba Òfin fọwọ́ sí. Àkọlé rẹ̀ ni Àbádòfin Lórí Àtúntò Ẹkùn Kẹtàdínlógún, Baba Òfin gan-an sì ni aṣòfin ẹkùn kẹtàdínlógún. Ọ́fíìsì rẹ̀ níbẹ̀ ti wà ní títì láti ọdún mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń gun òkè kọjá lọ sọ́dọ̀ Aṣòfin Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níṣòro, àwọn ló sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ àbá náà. Ní ojú ìwé kejì, ó wà níbẹ̀ kedere pé kí ẹkùn kẹtàdínlógún wọ inú ẹkùn kejìdínlógún tí í ṣe ti Aṣòfin Nọ́ọ̀sì, kí ipò aṣòfin tó wà níbẹ̀ sì parí.

"Ìyá, ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ kí n sùn," ni Aṣòfin Nọ́ọ̀sì wí. "Òun ló ni ẹkùn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún un kó rí i. Mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ibo ni màá fọwọ́ sí? Tó bá fẹ́ gbà á, màá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyá Ìwé gbé àbá náà, ó lọ. Orí òkúta ló ti bá Baba Òfin, agbẹ́gilére ń wọn imú rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ ka ojú ìwé kejì."

"Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ẹkùn yín ló wà níbẹ̀, sà."

"Ẹkùn mi!" Ojú Baba Òfin tàn. "Ẹ gbọ́, àní ẹkùn mi ti dé inú òfin!" Ó fa bírò láti ọrùn, ó sì fọwọ́ sí ojú ìwé kejì náà, gàdàgbà, sórí ìlà tó ní kí ipò aṣòfin parí gan-an. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè rí ìlà yẹn kà dáadáa. Ẹ wò ó, kí ni kí ẹ̀dá tún ṣe?

Báyìí ni igba àbádòfin ó lé mẹ́sàn-án ṣe wà lápá òsì lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá Ìwé fi tàdáwà búlúù kọ gbogbo wọn sí ìlà tuntun láìpa ti àtijọ́ rẹ́, ó sì lẹ ìwé àṣẹ náà mọ́ ojú ewé ìwé ńlá.

Ọjọ́ Àlàyé dé. Gbọ̀ngàn tuntun kún, àwọn ará ìlú kún àyè àwọn àlejò lókè. Ère ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bò ó, ìka tó nà sókè sì ti dá aṣọ náà lu. Ìyá Ìwé jókòó nísàlẹ̀ àga Olórí Ilé pẹ̀lú ìwé ńlá lórí itan. Olórí Ilé, bàbá arúgbó kan tí oorun máa ń gbé, ní kí ẹni tí àbá rẹ̀ pọ̀ jù kọ́kọ́ dìde.

"Òkè ńlá tó ń rìn!" ni Agbẹnusọ kígbe.

Ìyá Ìwé pe àkọlé àkọ́kọ́. "Àbádòfin Lórí Ilẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn."

Baba Òfin tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Olórí Ilé, ilẹ̀kùn! Kí ni ènìyàn jẹ́ láìsí ilẹ̀kùn? Ibo ni bàbá mi gbà wọ ayé? Ilẹ̀kùn! Mo rí ilẹ̀kùn, mo sunkún!"

Aṣòfin kan na ọwọ́. "Ìbéèrè kékeré ni, sà. Ṣé ẹ ní kó máa ṣí síta ni àbí kó máa ṣí sínú?"

Baba Òfin wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Síta," ni ó wí, "àti sínú. Àti sí ẹ̀gbẹ́, fún àwọn tó bá ń kánjú."

Ẹ̀rín bú. Agbẹnusọ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n dìbò, wọ́n ju àbá náà nù. Ìyá Ìwé pe èkejì. "Àbádòfin Pé Kí Agogo Ilé Ẹ̀kọ́ Máa Dún Ní Aago Méje Àbọ̀."

"Agogo!" Baba Òfin gbá àyà. "Agogo ni ẹ̀mí ilé ẹ̀kọ́! Ẹni tó bá kórìíra agogo, ọ̀tá ọmọ ni! Mo ṣetán láti kú nítorí agogo!"

"Ẹ̀kẹta," ni Ìyá Ìwé wí. "Àbádòfin Pé Kí Wọ́n Yọ Agogo Kúrò Ní Gbogbo Ilé Ẹ̀kọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọlé sí i lára. Àmọ́ ẹ má ṣe fojú kéré ọkùnrin náà, kò dákẹ́.

"Agogo!" ni ó tún wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. "Agogo ti ba ayé àwọn ọmọ wa jẹ́! Ṣèbí ojú wa ló ṣe ń dún ní aago méje àbọ̀! Èwo ni ìwà ìkà yẹn! Ta ló tiẹ̀ dá irú àbá bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Ìyá Ìwé wí jẹ́jẹ́.

Ìyá kan lókè rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti gbé omi fún un. Bí wọ́n ṣe bá a dé ẹ̀kẹtàlá nìyẹn. Ó gbèjà ẹja tí wọ́n ní kí wọ́n máa dín kù, ó bú ẹja tí wọ́n ní kí wọ́n máa pọ̀ sí i. Wọ́n béèrè ibi tí ọ̀nà tuntun kan gbà, ó ní ó gba inú ọkàn rẹ̀. Òógùn ti sọ aṣọ rẹ̀ di aṣọ ẹni tó jábọ́ sódò. Agbẹnusọ nìkan ló ṣì ń pàtẹ́wọ́, òun náà sì ti ń fi ọwọ́ kan pa itan nítorí èkejì ti kú tipiri.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìwé ṣí ojú ewé tó kàn. "Àbádòfin Lórí Àtúntò Ẹkùn Kẹtàdínlógún."

Ara Baba Òfin yá gágá. Níkẹyìn, ohun tó mọ̀!

"Ẹkùn tèmi!" ni ó ké. "Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Gbogbo ohun tó wà nínú àbá yìí, láti orí dé ìdí, èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀! Kí wọ́n ṣe é! Kí wọ́n má fi ohun kan sílẹ̀ níbẹ̀!"

Aṣòfin Nọ́ọ̀sì dìde. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. "Sà, ṣé ẹ ti ka ojú ìwé kejì?"

Baba Òfin wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Arábìnrin, mo kà á títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya! Ìlara ló ń bá yín jà. Olórí Ilé, mo bẹ̀ yín, kí òfin yìí má dúró di ọ̀la. Kó bẹ̀rẹ̀ lónìí! Kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí! Kí ojú mi rí i!"

"Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ọn?" ni Olórí Ilé béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni!" ni gbogbo ilé dáhùn, òrùlé sì mì. Nínú gbogbo rẹ̀, ohùn Baba Òfin ló ròkè jù.

Ó ṣíjú wòkè, ó tẹ́ apá, ó ń retí àtẹ́wọ́. Olórí Ilé ka ojú ìwé kìíní. Ó gbé ojú ìwé kejì súnmọ́ iná, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi sí i, títí ó fi rí ìlà abẹ́ rẹ̀ kà. Ó wá bojú wo ọkùnrin tó dúró láàárín gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ó wí, kò pè é ní aṣòfin mọ́, "ẹkùn kẹtàdínlógún ti tán. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àyè àwọn àlejò wà lókè, ẹ gba àtẹ̀gùn tó wà lọ́tùn-ún."

Ẹnu Baba Òfin ṣí, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀rọ̀ wọ́n ọn! Ìyá Ìwé gbé ojú sókè kó lè rí i dáadáa, nítorí ó mọ̀ pé irú rẹ̀ lè má ṣẹlẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn, àánú ọkùnrin náà sì tún ṣe é díẹ̀, díẹ̀ kíún. Ní ti Agbẹnusọ, ó ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ Aṣòfin Nọ́ọ̀sì.

"Òkè ńlá tó ń rìn!" ni ó kígbe.

"Ẹ jókòó," ni Aṣòfin Nọ́ọ̀sì wí fún un. "Ẹ fi ọwọ́ yín sínú omi tútù, ó ti wú."

Nígbà tí wọ́n ṣírò, ogójì tó kù fún Aṣòfin Nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù. Ó ní òun ò fẹ́ ère, orúkọ òun sì tó òun bó ṣe wà nínú ìwé. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ ṣe òun lóore, kí wọ́n lọ kó àwọn àga tó kán ní ilé àga, kí wọ́n tún wọn ṣe, kí àwọn tó ń tò síwájú fèrèsé Ìyá Ìwé lè rí ibi jókòó. Kí wọ́n tó rí ẹni tó máa kó àga, ère Baba Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé àga. Ìka tó nà sókè yẹn wúlò gan-an. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi garawa kọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Ìwé gbójú sókè láti ìdí ìwé, ó sì rí ọkùnrin kan tó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ó wí.

Mà! Ìyá Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí àga. "Ẹ káàárọ̀, sà. Àbádòfin wo ni kí n bá yín wò?"

"Èyí tó wà lórí ẹkùn kẹtàdínlógún. Mo fẹ́ mọ ibi tó dé."

Ìyá Ìwé fi itọ́ kan ìka. Ó ṣí ìwé, ó tọ ìlà náà lọ. "Ó ti di òfin, sà. Ìṣẹ́jú tí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ló bẹ̀rẹ̀."

"Ta ló dá a?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá gbè mí lẹ́yìn?"

Ìka Ìyá Ìwé rìn lọ sí apá ọ̀tún. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà mi orí. Ìyá Ìwé rí bí omi ṣe ń lé ròrò sí i lójú, ó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kan fún un. Ṣùgbọ́n kó tó lanu, ojú ọkùnrin náà ti bọ́ sórí bébà kan tó wà lórí káńtà, tí orúkọ èèyàn mẹ́fà wà lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Ó wá bírò lọ́rùn, ó rí i, ó há orúkọ rẹ̀ sí àárín àkọlé àti orúkọ àkọ́kọ́, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ wá balẹ̀.

Ìyá Ìwé yí bébà náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á.

"A dúpẹ́ o, sà," ni ó wí. "Kíkó àga ni. Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ilé àga. Ẹ wọ bàtà tó le."